Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Kotovsky, Balógun Ẹlẹ́ṣin, àti Fíìmù Tí Wọ́n Fi Rántí Rẹ̀ Nígbà Ogun

Láti ìgbà tí a ti mẹ́nu ba fíìmù Kotovsky, èyí tí àwọn ará Sófíẹ̀tì ṣe ní ọdún 1942, ni ìwé àwọn òǹkàwé ti ń wọlé. Mo mú márùn-ún nínú wọn, mo sì jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí n tó fèsì. Mo ti wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni n kò ṣe ní fi ohun tí mo mọ̀ nípa ọkùnrin náà pamọ́ fún yín.

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Ọmọ mi ló rí fíìmù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi àti òun sì jọ jókòó wò ó. Ohun tó rú mi lójú ni pé ẹni tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, ìgárá ọlọ́ṣà ni kó tó di ọ̀gágun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, àbí àwọn tó ṣe fíìmù ló fi iyọ̀ sí i kó lè dùn? — Olùkọ́ kan, Ìbàdàn

Bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ gan-an le ju èyí tí èèyàn lè fi iyọ̀ sí lọ. Ọdún 1881 ni wọ́n bí Grigory Ivanovich Kotovsky ní Hîncești, ìlú kékeré kan ní Bessarabia, ìyẹn ilẹ̀ tó wà láàárín odò Prut àti odò Dniester, tí apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń jẹ́ Mòldófà lónìí, ṣùgbọ́n tó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà láyé ìgbà náà. Baba rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ìpọntí; ọmọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ó sì ń bá àwọn onílẹ̀ ńláńlá mójú tó oko wọn. Ibẹ̀ ló ti rí bí ẹni tó ń roko ṣe ń sùn pẹ̀lú ebi nígbà tí ẹni tó ni ilẹ̀ kò mọ iye màlúù tirẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn ọdún 1905 dé, tí wọ́n sì mú un wọṣẹ́ ológun, ó sá, ó kó àwọn ọkùnrin jọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wọ ilé àwọn onílẹ̀. Wọ́n ń jí, wọ́n ń dáná sun. Wọ́n ní ó tún máa ń sun ìwé gbèsè àwọn àgbẹ̀, ó sì máa ń pín nínú ohun tó bá rí fún aláìní. Mo gbà pé ó pín nínú rẹ̀. Síbẹ̀ olè tó gbé ìbọn dání ni, ẹ má sì jẹ́ kí orin tó wà nínú fíìmù mú yín gbàgbé ìyẹn.

Wọ́n mú un ní ọdún 1906, ó sá kúrò lẹ́wọ̀n Chișinău, wọ́n tún un mú, wọ́n sì rán an lọ ṣiṣẹ́ ipá ní agbègbè Nerchinsk, ní ìlà oòrùn Siberia, níbi tí òtútù ti ń pa èèyàn kí ẹ̀ṣọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sá níbẹ̀ náà ní ọdún 1913, ó rìn padà sí Bessarabia, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtijọ́. Nígbà tó di ọdún 1916, ilé ẹjọ́ ológun ní Odessa dájọ́ ikú fún un. Ó kọ̀wé sí ìyàwó Brusilov, ọ̀gágun tó ń darí ojú ogun apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn Rọ́ṣíà, obìnrin náà sì bá a bẹ ọkọ rẹ̀, ni wọ́n bá fi iṣẹ́ ipá títí ayé rọ́pò okùn ìso. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọba fúnra rẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí, wọ́n sì ní kí Kotovsky lọ jagun ní ojú ogun Ròmáníà.

Láti ibẹ̀ ló ti di balógun nínú ogun abẹ́lé tó tẹ̀lé e, ní ìhà àwọn Bolshevik, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú tó gba ìjọba Rọ́ṣíà ní ọdún 1917. Ní ọdún 1919, àwọn ọmọ-ogun tí òun ń ṣáájú wà nínú Ẹgbẹ́ Ogun 45 nígbà tí ọ̀tá ká wọn mọ́ ní agbègbè Odessa láìsí ọ̀nà àbáyọ kankan àfi ìjà. Wọ́n ja ìjà yẹn fún nǹkan bí ìrìn 400 kìlómítà títí wọ́n fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn tiwọn ní tòsí Zhitomir. Lẹ́yìn náà ló gba ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó bá àwọn ará Pólándì jà ní ọdún 1920, ọdún yẹn kan náà ló sì wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Bolshevik. Ẹ kíyè sí ọdún náà dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọmọ ẹgbẹ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀: ó ti fi nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá àwọn olówó jà kó tó ní káàdì ẹgbẹ́ lápò.

Ẹ kú làákàyè, Olóòtú. Mo rí i kà pé ọdún 1942 ni wọ́n ṣe fíìmù yìí, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Hitler ti wọ inú Rọ́ṣíà lọ jìnnà. Ogun abẹ́lé tí fíìmù náà ń sọ ti parí láti bí ogún ọdún. Kí ló dé tí ìjọba tó ń wá ìbọn àti búrẹ́dì fi náwó lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí? — Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì, Èkó

Ìbéèrè yín ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé tó wọlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n fèsì rẹ̀ dé ìdí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1918, nígbà tí Rọ́ṣíà ń fọ́, Ròmáníà gba Bessarabia. Ní òpin oṣù Kẹfà ọdún 1940, Sófíẹ̀tì gbà á padà. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, Ròmáníà bá Jámánì wọlé, wọ́n sì tún gbà á. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1941, lẹ́yìn ìsàgatì tó lé ní oṣù méjì, Odessa náà bọ́ sọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù Kotovsky, ìlú tí wọ́n bí i, ẹ̀wọ̀n tó ti sá, ilé ẹjọ́ tó dájọ́ ikú fún un, gbogbo rẹ̀ pátá ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tá. Kódà wọ́n ti wó ilé tí wọ́n tọ́jú òkú rẹ̀ sí, èyí tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú. Ẹni tó bá jókòó wo fíìmù náà nígbà yẹn kò wo ìtàn àtijọ́. Ilé tí wọ́n lé e kúrò nínú rẹ̀ ló ń wò, ó sì ń gbọ́ pé wọ́n ti fìgbà kan lé ọ̀tá yìí kan náà jáde rí. Àwọn ará Jámánì pàápàá ti gba Yukréìn ní ọdún 1918, wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ nígbẹ̀yìn ọdún náà. Àwọn òbí ọmọ-ogun ọdún 1942 ṣì rántí rẹ̀.

Ìjọba náà mọ ohun tó ń wá. Nínú ọ̀rọ̀ tí Stalin bá àwọn ọmọ-ogun sọ ní Moscow ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1941, ó pe orúkọ àwọn jagunjagun ayé àtijọ́, Nevsky, Suvorov, Kutuzov, ó ní kí àwòrán wọn fún wọn ní ọkàn akin. Ṣùgbọ́n ará ọ̀run tó ti kú láti ọ̀rúndún mélòó kan jìnnà sí ọmọ àgbẹ̀ tó wà nínú kòtò ogun. Àwọn balógun ogun abẹ́lé ló sún mọ́ ọn, nítorí ó ṣeé ṣe kí baba rẹ̀ ti gun ẹṣin tẹ̀lé ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ti lè gbọ́ nípa Chapaev, balógun tó kú sí odò Ural ní ọdún 1919, tí fíìmù ọdún 1934 sọ di ẹni tí ọmọdé ń fi ara wé nínú eré. Ní ọdún 1941, bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n yára ṣe fíìmù kúkúrú kan nínú èyí tí Chapaev yìí kan náà, òṣèré àkọ́kọ́ kan náà, Boris Babochkin, kò rì mọ́. Ó wẹ̀ dé èbúté, ó sì dojú kọ àwọn ọmọ-ogun tuntun, ó ní kí wọ́n jà. Wọ́n jí òkú dìde, ẹ ò rí i? Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, ara mi bù máṣọ. Kotovsky tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù mìíràn lórí balógun tí ń jẹ́ Parkhomenko, èyí tí wọ́n yà ní Tashkent ní ọdún 1942.

Ní ti owó àti agbára tí ẹ bèèrè, kì í ṣe inú ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí Moscow àti Leningrad bọ́ sínú ewu, wọ́n kó ilé-iṣẹ́ fíìmù ìlú méjèèjì lọ sí Alma-Ata ní Kàsàkístàn, tó jìnnà sí Moscow ju 3,000 kìlómítà lọ, wọ́n sì dà wọ́n pọ̀ di ọ̀kan títí di ọdún 1944. Ojúmọ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà ń lo iná mànàmáná, nítorí náà òru ni àwọn oníṣẹ́ fíìmù sábà máa ń rí iná yàwòrán, nínú ilé tí wọn kò kọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n ń wọ̀n fúnni. Bí ẹ bá tún wò ó, tí ẹ bá rí ìran kan tó dà bí ẹni pé wọ́n kánjú ṣe é, ẹ rántí ibi tí wọ́n dúró sí.

Ìlú àjèjì yẹn náà ló tún mú àwọn méjì pàdé. Aleksandr Faintsimmer tó darí Kotovsky ló darí fíìmù tí Sergei Prokofiev kọ́kọ́ kọ orin fún láyé rẹ̀, Lieutenant Kijé, ní ọdún 1934. Ní Alma-Ata, nígbà tí Prokofiev ń bá adarí fíìmù Eisenstein ṣe iṣẹ́ ńlá mìíràn, ó tún kọ orin ti Kotovsky fún ọ̀rẹ́ iṣẹ́ àtijọ́. Yukréìn ni wọ́n ti bí Prokofiev fúnra rẹ̀, ilẹ̀ tí ọ̀tá wà lórí rẹ̀ nígbà tó ń kọ orin náà.

Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni òṣèré tó ṣe Kotovsky, kí ló sì dé tó fá orí rẹ̀ kodoro? — Onígèrígèrí kan, Abẹ́òkúta

Nikolai Mordvinov ni. Òṣèré orí ìtàgé ni, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ó sì ti gba Ẹ̀bùn Stalin nítorí bó ṣe ṣe Bogdan Khmelnitsky, balógun àwọn Kọ́sáàkì, ìyẹn àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin, nínú fíìmù ọdún 1941. Ní ti orí fífá, bí Kotovsky ṣe máa ń rí nìyẹn. Alágbára tí ara rẹ̀ sígbọnlẹ̀ ni, ó fẹ́ràn eré ìdárayá àti omi tútù, ó sì máa ń fárí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ irun ni ọ̀rọ̀ yìí yóò dùn mọ́ jù: títí dòní, bí ará Rọ́ṣíà bá jókòó sórí àga tó ní kí wọ́n fá òun «bíi ti Kotovsky», onígèrígèrí kò ní béèrè ìbéèrè mìíràn.

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, mo ń kọ̀wé láti Peckham, ní London. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tí wọ́n ń kì kò ní àbùkù lẹ́nu akígbe. Gbogbo fíìmù yìí ni wọ́n fi ń kì ọkùnrin náà. Ẹ sọ èyí tí wọn kò sọ fún wa. — Ọmọ Ìjẹ̀bú kan

Ọ̀rọ̀ ìyá yín ni mo fẹ́ fi dáhùn. Oríkì kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó máa ń dé tí yóò yà, fíìmù tí wọ́n ṣe láti fi gbé ọmọ-ogun dìde sì máa ń yà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Tambov. Ní ọdún 1920 àti 1921, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Tambov dìde sí ìjọba Bolshevik nítorí pé wọ́n ń fi ipá kó ọkà wọn lọ. Ọkùnrin tí ń jẹ́ Antonov ló ṣáájú wọn. Ìjọba rán ọ̀gágun Tukhachevsky sí wọn. Wọ́n fi àwọn ẹbí ọlọ̀tẹ̀ ṣe ìdógò, ní oṣù Kẹfà ọdún 1921 ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n fi èéfín olóró lé àwọn tó sá sínú igbó. Kotovsky àti àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n rán lọ. Òun ló mú kí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ múra bí Kọ́sáàkì tó wá ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́, pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn olórí ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n ti mú tí wọ́n sì fipá mú un kó jẹ́rìí sí wọn. Ẹgbẹ́ tí Matyukhin ń ṣáájú gbà wọ́n gbọ́, wọ́n jọ jókòó nínú ilé, ìgbà tó yá ni ìbọn dún. Ọ̀nà àrékérekè tó gún régé ni lójú ológun, kódà wọ́n ta á níbọn léjìká níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n pa, àgbẹ̀ ni wọ́n, irú àwọn tó tìtorí wọn gbé ìbọn ní Bessarabia nígbà tó wà léwe. N kò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè rántí èyí kó má bà á nínú jẹ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ti Yakir, ọ̀gá Kotovsky nínú Ẹgbẹ́ Ogun 45, tó darí ìrìn 400 kìlómítà tí mo sọ lókè. Ìjọba Stalin yìnbọn pa á ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1937, pẹ̀lú Tukhachevsky, wọ́n pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí fíìmù Sófíẹ̀tì kankan tó lè fi ọ̀wọ̀ pe orúkọ Yakir, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ ìtàn Kotovsky ní tòótọ́ láìpè é.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kì í ṣe ti Kotovsky rárá, ti ẹni tó kọ ìtàn fíìmù náà ni. Aleksei Kapler ti lókìkí nítorí àwọn fíìmù tó kọ lórí Lenin, olórí àkọ́kọ́ ìjọba Sófíẹ̀tì. Ìgbà ogun yẹn kan náà ni òun àti Svetlana, ọmọbìnrin Stalin, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, fẹ́ràn ara wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1943, wọ́n mú un, wọ́n ní amí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n sì rán an lọ sí Vorkuta ní àríwá tó tutù jù fún ọdún márùn-ún. Nígbà tó parí rẹ̀ tó sì yọjú sí Moscow, wọ́n tún fún un ní márùn-ún mìíràn. Lẹ́yìn ikú Stalin ní ọdún 1953 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ọkùnrin tó kọ bí ẹlẹ́wọ̀n kan ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọba burúkú, òun fúnra rẹ̀ di ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tí mo wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn tí mo ti mọ èyí, n kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀wọ̀n nínú rẹ̀ kí n má ronú kan Kapler.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, fíìmù ogun kò sì fi bẹ́ẹ̀ wù mí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ mi ló mú mi wo èyí. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ọkùnrin náà ṣe kú? Ṣé ojú ogun ni? — Ìyá àgbà, Òṣogbo

Kì í ṣe ojú ogun, mà. Ìsinmi ló wà, ní Chabanka, létí òkun nítòsí Odessa, òun àti ìyàwó rẹ̀ Olga, tó jẹ́ dókítà tó sì wà nínú oyún. Ní òru ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1925, Meyer Seider yìnbọn pa á. Ojúlùmọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ni. Nígbà tí wọ́n ń wá Kotovsky kiri ní Odessa lásìkò ogun abẹ́lé, Seider, tó ní ilé aṣẹ́wó nílùú náà, ló fi í pamọ́. Kotovsky kò gbàgbé oore náà, ó wá iṣẹ́ fún un ní ilé-iṣẹ́ ṣúgà. Ohun tó mú kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yìnbọn pa á ni àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lé lórí. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n dá fún un. Ó ti jáde ní ọdún 1928, àwọn tó ti gun ẹṣin tẹ̀lé Kotovsky sì pa á ní ọdún 1930. Ní ti ìyàwó, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló bí ọmọbìnrin kan.

Wọ́n fi oògùn tọ́jú òkú náà kó má bà á jẹ́, bí wọ́n ti ṣe ti Lenin ní ọdún tó ṣáájú, ọ̀jọ̀gbọ́n Vorobyov tó tọ́jú ti Lenin náà ló ṣe é, wọ́n sì gbé e sí ilé òkú kan ní Birzula. Ní ọdún 1935 wọ́n sọ ìlú náà ní Kotovsk. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Ròmáníà dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1941, wọ́n wó ilé náà, wọ́n sì da òkú nù. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin ìlú náà ló lọ kó ohun tó ṣẹ́kù, tí wọ́n sì fi pamọ́ nínú àpò títí àwọn ọmọ-ogun Sófíẹ̀tì fi padà dé ní ọdún 1944. Ní àkókò tí egungun ọkùnrin náà fi wà nínú àpò yẹn ni Mordvinov ń gun ẹṣin gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀ ní Alma-Ata.

Ní ọdún 2016, Yukréìn pa orúkọ Kotovsk rẹ́, ìlú náà ń jẹ́ Podilsk báyìí. Ère rẹ̀ lórí ẹṣin, èyí tí wọ́n gbé dúró ní ọdún 1954, ṣì wà ní Chișinău.